Ẹ̀jẹ̀ Tí A Gbà Lọ, Èsì Tí A Kò Rí

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn akọ̀ròyìn pé àìmọ̀kan ló ń mú kí àwọn ará Monrovia máa sá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á ní ìgbàgbọ́ asán ló ń dà wọ́n láàmú; wọ́n á ní ẹni tí kò kàwé kò lè mọ iyì yàrá àyẹ̀wò. Mo ti ka irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ṣòwò ní Waterside, tí wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé nílé tiwọn, ẹ̀rín ni gbogbo ènìyàn fi ń na apá fún ẹni tó fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀. Èmi kò gbà. Ìbẹ̀rù àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ìdí, ó ní ìtàn, ó sì ní àwọn tó yẹ kí a bi léèrè nípa rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí alángbá, yóò sá. Ṣùgbọ́n kí a tó fi í ṣẹ̀sín pé alángbá lásán ló ń sá fún, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ojú ọgbẹ́ ejò náà.

Lọ́jọ́ kan, mo jókòó sí ilé àyẹ̀wò kan ní Sinkor, ibà ń ṣe mí, mo ń retí kí wọ́n pè mí. Obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló wà níwájú mi. Nígbà tí ó kàn án, tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ti so okùn rọ́bà mọ́ ọn lápá, ó ní kí ó dúró ná. Ó ní, "Ọmọ mi, ya ọ̀rá abẹ́rẹ́ yẹn lójú mi." Ọmọkùnrin náà ya á. Ìyá tún bi í pé, "Níbo lẹ ń gbé ẹ̀jẹ̀ mi lọ?" Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò sọ ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ fún mi? Ìgbà wo sì ni?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo àwa tí a tò sẹ́yìn, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi, èrò pọ̀." Ẹnìkan kùn lẹ́yìn pé irú àwọn arúgbó báyìí ni kì í jẹ́ kí nǹkan lọ bó ṣe yẹ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yẹ ìbéèrè mẹ́ta yẹn wò. N kò tíì rí èyí tó jẹ́ ti òpè nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú irọ́ kan kúrò lọ́nà. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ni àwọn ènìyàn wa ń bẹ̀rù. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí, abẹ́rẹ́ ni ọba oògùn. Aláìsàn tí dókítà kọ oògùn oníhóró fún, tí kò gún un lábẹ́rẹ́, a máa rò pé wọ́n kàn fi owó òun ṣòfò ni. Ní àwọn àdúgbò Monrovia, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Mushin àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìbàdàn, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kékeré a máa gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, àwọn ènìyàn a sì máa tò sí i. Abẹ́rẹ́ tó ń fi nǹkan sínú ara, wọ́n ń sáré tọ̀ ọ́ lọ. Èyí tó ń mú nǹkan jáde lára ni wọ́n ń sá fún. Bí ó bá jẹ́ pé àìmọ̀kan ni, ṣebí abẹ́rẹ́ kan náà ni? Ohun tó ń já àwọn ènìyàn láyà ni ohun tí a mú lọ tí a kò mọ ọ̀nà tí ó gbà. Ó sì dùn mí pé òdìkejì ni ewu wà: abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé tí wọ́n ń sáré lọ bá ló lè pa wọ́n ju èyí tí wọ́n ń sá fún lọ.

Àwa Yorùbá ńkọ́? Nígbà tí àrùn éèdì kọ́kọ́ gbòde nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ra kílípà tiwa, a ń gbé e dání lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Àwọn adáhunṣe tó ń sín gbẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún aláìsàn pé kí ó mú abẹ tuntun tirẹ̀ wá láti ilé. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní ìgbàgbọ́ asán. Ọgbọ́n ni a pè é. Kí ló wá dé tí ó fi di òpè nígbà tí obìnrin Monrovia ní kí a ya ọ̀rá abẹ́rẹ́ lójú òun?

Ó yẹ kí àwọn tó ń fi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín rántí Yambuku. Ní ọdún 1976, ní abúlé yìí, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Zaire nígbà náà, tó ti di Kóńgò lónìí, ilé ìwòsàn ìjọ Kátólíìkì kan wà tí àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ń bójú tó. Láràárọ̀ ni wọ́n ń pín síríńjì márùn-ún fún àwọn nọ́ọ̀sì. Márùn-ún péré ni, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláìsàn. Wọ́n á fi gún ẹnìkan, wọ́n á ṣàn án nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á fi gún ẹlòmíràn, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìgbà tí àrùn tuntun kan dé, èyí tí wọ́n fi orúkọ odò Ebola sọ, síríńjì márùn-ún yìí ló gbé e kiri. Àwọn ènìyàn 318 ni àrùn náà mú, 280 nínú wọn kú. Nínú àwọn tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n fi kó o, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó yè. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ 17 tó wà ní ilé ìwòsàn náà, 11 bá a lọ. Ìkà kọ́ ni àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ wọ̀nyẹn. Àánú ló gbé wọn dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àánú kò pa kòkòrò.

Kì í sì í ṣe Yambuku nìkan. Ní Íjíbítì, láti àwọn ọdún 1950 títí dé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìjọba fi abẹ́rẹ́ wo àrùn àtọ̀sí ajá kiri àwọn ìgbèríko. Abẹ́rẹ́ tí a kò sè dáadáa nínú iṣẹ́ rere yìí ló tan àrùn mẹ́dọ̀wú irú C ká orílẹ̀-èdè náà, títí tí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí àrùn náà ti gbilẹ̀ jù lọ láyé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2000 nìkan, abẹ́rẹ́ àlòtúnlò kó mẹ́dọ̀wú irú B ran mílíọ̀nù 21 ènìyàn, ó kó irú C ran mílíọ̀nù méjì, ó sì kó kòkòrò HIV ran 260,000. Nígbà tó fi di ọdún 2010, iye ti HIV ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 34,000. Kí ló mú un já wálẹ̀? Àwọn ènìyàn ń pariwo, àwọn ìjọba ń ra síríńjì tí kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì. Ìbẹ̀rù tí a tẹ́tí sí ló ṣe iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ìbẹ̀rù tí a bú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí ó yé gbogbo òǹkàwé, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni: abẹ́rẹ́ tuntun tí a ya ọ̀rá rẹ̀ lójú ẹni, tí a fi fa ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo, tí a sì jù sínú àpótí abẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò lè kó HIV tàbí mẹ́dọ̀wú tàbí Ebola ran ẹni tí a fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ewu kù sí lọ́rùn ni ẹni tó di abẹ́rẹ́ mú. Bí abẹ́rẹ́ tó ti kan ẹ̀jẹ̀ tó ní àrùn bá gún òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, nǹkan bí mẹ́ta nínú 1,000 ni irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ tó ń yọrí sí HIV. Ti mẹ́dọ̀wú B lè tó ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní Làìbéríà, òṣìṣẹ́ ìlera 378 ni Ebola mú láàárín ọdún 2014 àti 2015, 192 nínú wọn sì kú. Dókítà Samuel Brisbane, àgbà dókítà ní ilé ìwòsàn John F. Kennedy ní Monrovia, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní èrò pọ̀ yẹn, èmi kò bínú sí i. Òun náà ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu fún owó oṣù tí kò tó nǹkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni ìbéèrè kejì: níbo lẹ ń gbé ẹ̀jẹ̀ mi lọ?

Ní ọjọ́ 7, oṣù Igbe, ọdún 2015, ìwé ìròyìn New York Times tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde. Bernice Dahn, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn dókítà nílé iṣẹ́ ètò ìlera Làìbéríà nígbà náà, ló kọ ọ́ pẹ̀lú Vera Mussah àti Cameron Nutt. Láti ìgbà tí Ebola ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún gbogbo ayé pé àrùn àjèjì ni ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pé kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé yóò dé ibẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí wá inú ìwé àtijọ́, wọ́n sì rí i pé a ti mọ̀. Ní ọdún 1982, àwọn oníwàádìí láti Jámánì ti tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Yúróòpù. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìgbèríko Làìbéríà ni wọ́n gbà, tí wọ́n gbé lọ sí ìlú wọn, tí wọ́n yẹ̀ wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, nǹkan bí mẹ́fà ló ní àmì lára pé ara wọn ti bá kòkòrò Ebola jà rí. Àwọn oníwàádìí náà kò fi bò: wọ́n kọ ọ́ kedere pé kí a ka Làìbéríà mọ́ àwọn ilẹ̀ tí Ebola ń gbé, àti pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibẹ̀ máa fura sí i.

Ta ni wọ́n kọ ọ́ fún? Kò sí ọmọ Làìbéríà kankan lára àwọn tó kọ ìwé náà. Ní ọdún 2015, ẹni tó bá fẹ́ ka ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní láti san dọ́là 45, èyí tí Dahn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ó tó ìdajì owó ọ̀sẹ̀ dókítà kan ní Làìbéríà. Ọdún 32 ni ìkìlọ̀ náà fi sùn sínú ìwé. Ìgbà tí Ebola dé Foya ní ìpínlẹ̀ Lofa ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2014, àwọn nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ lásán tọ́jú aláìsàn, nítorí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí ó kìlọ̀ fún wọn ti lọ sí òkèèrè, kò sì rán ẹnikẹ́ni wá sílé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní irú àyẹ̀wò tí wọ́n ń lò ní ìgbà náà a máa ṣàṣìṣe, pé ó lè rí àmì Ebola níbi tí kò sí. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kí ó pinnu bóyá òótọ́ ni tàbí àṣìṣe? Bí wọ́n bá ti mú èsì náà padà wá sí Monrovia, tí wọ́n kà á létí àwọn dókítà ibẹ̀, ẹnìkan ìbá ti ní kí a tún un yẹ̀ wò. Ẹni tó bá gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn jẹ gbèsè èsì. Bí èsì náà bá dá a lójú, kí ó san án. Bí kò bá dá a lójú, kí ó san án pẹ̀lú ìyèméjì rẹ̀. Kò sí ọ̀nà kẹta.

Ìtàn tó tẹ̀ lé èyí, n kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ọdún 1974, ilé iṣẹ́ ìfipamọ́ ẹ̀jẹ̀ ti New York, New York Blood Center, dá ibi ìwádìí kan sílẹ̀ nítòsí pápákọ̀ òfurufú Robertsfield, ní ọ̀nà tó jáde kúrò ní Monrovia. Ìnàkí ni wọ́n kó síbẹ̀. Wọ́n ń fi àrùn mẹ́dọ̀wú sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìnàkí náà kí wọ́n lè mọ bí a ṣe ń dènà rẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ṣe ayé láǹfààní gidi lórí àjẹsára mẹ́dọ̀wú B àti lórí bí a ṣe ń wẹ ẹ̀jẹ̀ mọ́ kí a tó fà á sí aláìsàn lára. Èmi kò ní parọ́ mọ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ní Amẹ́ríkà túbọ̀ di ohun tí ọkàn balẹ̀ lé lórí. Nígbà tí ìwádìí parí, wọ́n kó àwọn ìnàkí náà sí àwọn erékùṣù létí òkun, wọ́n ń gbé oúnjẹ àti omi lọ fún wọn. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2015, tí Làìbéríà kò tíì jàjàbọ́ lọ́wọ́ Ebola, ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ owó oúnjẹ wọn dúró. Ariwo ta káàkiri Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2017, wọ́n fi mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là sílẹ̀ fún ìtọ́jú wọn. Inú mi dùn pé àwọn ìnàkí jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi ẹni tó bá mọ̀: àwọn ará abúlé tí ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sí Jámánì, ariwo ta ló ta fún wọn?

Ní ibi ìwádìí yẹn kan náà ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Monrovia wò nígbà tí Ebola dójú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láti gbé ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò ní Làìbéríà pátápátá kí wọ́n tó lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e gba ọ̀nà Robertsfield, ìrìn àjò wákàtí kan bí ọ̀nà bá dá. Nínú oṣù Ògún, ọdún 2014 ni yàrá àyẹ̀wò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ìtọ́jú ELWA 3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ wo ohun tí ojú ènìyàn ń rí. Wọ́n gbé bàbá rẹ lọ nítorí ara rẹ̀ gbóná. Ó lè jẹ́ ibà lásán. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ní Ebola, ẹ sì ń retí. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́rin. Àyẹ̀wò yìí pàápàá kì í sábà rí kòkòrò náà ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti tún un ṣe. Àkọ́kọ́ ní kò sí, èkejì ní ó wà. Ẹni tí kò sí ẹni tó ṣàlàyé èyí fún, kí ni kí ó rò? Yóò ní inú ibẹ̀ ni wọ́n ti kó o ran bàbá òun. Ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà míràn, ìròyìn tó kọ́kọ́ kan mọ̀lẹ́bí lára ni pé wọ́n ti sun òkú náà, nítorí láti oṣù Ògún títí dé oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn, sísun ni ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n máa sun òkú ní Monrovia.

Nígbà tí àwọn ará West Point ya wọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó aláìsàn sí ní ọjọ́ 16, oṣù Ògún, tí aláìsàn sá jáde, tí àwọn kan gbé tìmùtìmù tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ lọ sílé, gbogbo ayé fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ aláìmọ̀kan. Ìwà náà burú, ó sì léwu, n kò ní gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ni ìjọba fi dá wọn lóhùn? Ní ọjọ́ 20, ó fi sójà àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún sé gbogbo àdúgbò náà mọ́. Ìbọn ba ọmọdékùnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan, ó sì kú. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ọ̀nà. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni tí sójà yẹ̀ wò.

Ẹ fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Patrick Sawyer gbéra ní Monrovia, ó gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọjọ́ 20, oṣù Agẹmọ, ọdún 2014. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò jẹ́ kí ó jáde, bí wọ́n tilẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì gbé ẹ̀jẹ̀ Sawyer lọ sí yàrá àyẹ̀wò ní Ìdí-Àràbà, nínú Èkó kan náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, èsì dé ọwọ́ àwọn tó yẹ kí ó dé. Èsì yẹn ni wọ́n dì mú tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn kiri, tí wọ́n ń wá gbogbo ẹni tó ti fara kan án. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, Adadevoh sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 20, oṣù Ọ̀wàrà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán. Ní Làìbéríà, ó ju 4,800 ènìyàn tó kú. Ṣé àwa ará Èkó gbọ́n ju àwọn ará Monrovia lọ ni? Rárá o. Àwa tí a ń mu omi iyọ̀ tí a sì ń fi í wẹ̀ ní oṣù Ògún ọdún yẹn! Yàrá àyẹ̀wò ló sún mọ́ wa, èsì sì yá.

Wàyí o, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Àwọn kan wà tí wọ́n ti sọ ìtàn tí mo sọ yìí di ohun ìjà. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ọdún 2014, ìwé ìròyìn Daily Observer ní Monrovia tẹ àpilẹ̀kọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan jáde, ọmọ Làìbéríà tó ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lórí àrùn ewéko. Ó kọ ọ́ pé Amẹ́ríkà ló ṣe Ebola ní yàrá àyẹ̀wò láti fi dán àwọn aláwọ̀ dúdú wò. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ tó rí ilẹ̀ ọlọ́ràá hù sí ni, nítorí àwọn tó mọ òótọ́ ti fi òótọ́ pamọ́ sínú ìwé olówó gọbọi. Àwọn oníwàásù àti àwọn ẹlẹ́nu bí abẹ ń sọ ọ́ kiri títí di òní pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe na apá fún wọn.

Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ bi ní ìbéèrè tèmi. Nígbà tí ọmọ yín bá bímọ, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lóru, ẹ̀jẹ̀ ta ni ẹ ó ní kí wọ́n fà sí i lára? Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn nílẹ̀ wa, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n ń rán pé kí ó wá ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹni tí kò ní mọ̀lẹ́bí nítòsí a lọ bá ẹni tó ń ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú lásán kò lè rí mẹ́dọ̀wú B. Ẹni tó ní i lè sanra, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó máa ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tó wó. Àyẹ̀wò tí ẹ ní kí a má ṣe yẹn nìkan ló dúró láàárín ẹ̀jẹ̀ ọ̀gbẹ́ni náà àti ọmọ yín. Ẹni tó bá kọ àyẹ̀wò tí ó sì gba ẹ̀jẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Nítorí náà, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe na apá. Kí wọ́n nà án, kí wọ́n sì béèrè gbèsè wọn. Ó ṣeé ṣe. Ní oṣù Èrèlé, ọdún 2015, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán àjẹsára Ebola wò nílé ìwòsàn Redemption ní New Kru Town, onímọ̀ ọmọ Làìbéríà wà lára àwọn olórí iṣẹ́ náà, wọ́n sì kọ́kọ́ rán àwọn ènìyàn wọ inú àdúgbò lọ ṣàlàyé. Ènìyàn 1,500 ló fínnúfíndọ̀ wá, ní ìlú kan náà tí wọ́n ní òpè ló kún inú rẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún padà wá kí wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Kí ló yí padà nínú orí wọn láàárín oṣù mẹ́fà? Kò sí. Ọ̀nà tí a gbà tọ̀ wọ́n lọ ló yí padà.

Àṣà àtijọ́ kò tíì kú ṣá. Ní ọdún 2019, àwọn akọ̀ròyìn ṣe ìwádìí, wọ́n sì rí i pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára àwọn aláìsàn Ebola ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti wà ní àwọn yàrá àyẹ̀wò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà á lára wọn kò sì mọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Làìbéríà ti ní ilé iṣẹ́ ìlera gbogboògbò tirẹ̀ láti ọdún 2017, ọgbà tí wọ́n ti ń fi ìnàkí ṣe ìwádìí sì ti di ibi tí yàrá àyẹ̀wò àgbà orílẹ̀-èdè náà wà. Èyí dára. Kí wọ́n wá ṣe òfin tó ní eyín, pé ìgò ẹ̀jẹ̀ kan kò gbọdọ̀ rékọjá Robertsfield láìjẹ́ pé a kọ orúkọ ẹni tó ń gbé e lọ, ohun tó fẹ́ fi ṣe, àti ọjọ́ tí èsì rẹ̀ yóò padà wálé. Kí Nàìjíríà àti Gánà náà ṣe tiwọn. Kí àwọn tó ń fún wa lówó ìwádìí má ṣe san ìyókù owó náà títí èsì yóò fi dé etí àwọn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé.

Ìyá tí mo pàdé ní Sinkor padà wá ní ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ti ní kí ó wá. Èmi náà wá gba tèmi. Ó mú ìwé rísíìtì rẹ̀ dání, ó ká a sí mẹ́rin nínú aṣọ ìnujú. Ọmọbìnrin tó wà lójú fèrèsé wo inú ìwé ńlá rẹ̀ sókè sódò, ó ní èsì rẹ̀ kò tíì jáde, kí ó padà wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ìyá bi í pé ṣé ẹ̀jẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní òun kò mọ̀.